Orí Kẹfà: Ìlẹ̀kẹ̀ Ìyá Àgbà Lọ́rùn Ọmọ

Ẹ lọ gbé àpótí náà wá ná, kí a tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Àpótí tí mo ń wí kò ṣàjèjì sí ẹni tó dàgbà ní Ìgànná: èyí tí ìyá àgbà fi sábẹ́ ibùsùn, tí òórùn káńfọ̀ ti gba inú rẹ̀ kan, tí aṣọ òkè wà lókè, tí nǹkan wúwo kan sì wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú aṣọ funfun tí wọ́n ta kókó mẹ́ta sí lẹ́nu. Nítorí kókó mẹ́ta yẹn ni mo ṣe kọ orí yìí. Ọ̀pọ̀ ilé ló wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì tú u láti ọjọ́ tí wọ́n ti sìnkú ìyá. Ọmọbìnrin ilé ń bẹ̀rù pé yóò já. Ìyàwó ilé ń bẹ̀rù kí wọ́n má baà ní ó jí i. Àwọn mìíràn rò pé ohun òrìṣà ni, wọn ò fẹ́ fọwọ́ kàn án. Bẹ́ẹ̀ òde ni ẹni tó ni ín fi ń lọ nígbà ayé rẹ̀, ó ń kó o sọ́rùn lọ síbi ìgbéyàwó, ó ń fi í jó, àwọn èèyàn sì ń wò ó.

Èmi gbà pé ọrùn ọmọ ni ibùjókòó ìlẹ̀kẹ̀ ìyá. Ẹ kò gbọ́dọ̀ dúró de ọjọ́ tí ẹ ó joyè tàbí tí ẹ ó kọ́lé kí ẹ tó lò ó. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni irú èyí tó wà lọ́wọ́ yín, bí okùn rẹ̀ ṣe lágbára sí, aṣọ tó bá a mu, àti èyí tí a kì í ṣàdédé kó sọ́rùn. Bí ẹ bá ti mọ mẹ́rin yìí, ẹ jáde.

Ẹ TẸ́ AṢỌ FUNFUN SÍLẸ̀

Àárọ̀ ni kí ẹ tú u, nígbà tí oòrùn ti yọ tí kò tíì mú. Ẹ tẹ́ ẹní, ẹ tẹ́ aṣọ funfun lé e, kí ẹ lé àwọn ọmọdé sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ má fa ohunkóhun. Okùn tó ti pẹ́ tó ogójì ọdún nínú àpótí lè máa wò yín bí okùn gidi, àmọ́ bí ẹ bá ti gbé e sókè ni yóò fọ́ bí eérú. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbé e bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Lẹ́yìn náà, ẹ kà á. Ẹ ka ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì fi fóònù yà á. Níwájú níhìn-ín mo máa sọ ìdí tí n kò fi lè fojú fo èyí.

Iyùn ni ọ̀pọ̀ yín yóò kọ́kọ́ rí. Iyùn tòótọ́ inú òkun ló ti wá, ẹ̀dá kékeré inú omi ló ń kọ́ ọ bí ikán ṣe ń kọ́ ilé. Òkun Mẹditaréníà ló ti pọ̀ jù, àwọn Pọtogí sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó o wá sí etíkun wa ní ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, nígbà tí wọ́n ń bá Ọba Ìbìní ṣòwò. Títí di òní, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú Torre del Greco ní ilẹ̀ Ítálì ṣì wà lára àwọn tó ń gé e. Ẹ gbé ọ̀kan lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín: iyùn tutù, kì í sì í tètè gba ooru ara. Ẹ gbé e wò lọ́wọ́: ó wúwo ju bó ṣe tóbi lọ. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí ilà tín-ín-tìn-ìn-tín tó gba ara rẹ̀ kọjá, àti ihò wẹ́wẹ́ níbòmíràn bí ibi tí kòkòrò jẹ. Àwọ̀ wọn kì í dọ́gba, ọ̀kan á pupa fòò, èkejì á dà bí ara osùn, ẹ̀kẹta á ní funfun díẹ̀ létí. Bí gbogbo rẹ̀ bá pupa bákan náà tí wọ́n sì rí rogodo bí ẹni pé ìyá kan náà bí wọn lọ́jọ́ kan náà, ẹ fura. Èyí tó bá fúyẹ́, tó tètè lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́, tó ní ilà ibi tí wọ́n ti lẹ apá méjì pọ̀ mọ́ra, rọ́bà ni.

Àwọn kan a máa fi abẹ́rẹ́ gbígbóná gún un láti mọ̀ bóyá rọ́bà ni, àwọn kan a sì máa kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i kí wọ́n lè rí i bó ṣe ń hó. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Omi ọsàn ń hó lára iyùn nítorí pé ó ń jẹ ẹ́ ni. Ẹ ó rí ìdáhùn, àpá á sì wà níbẹ̀ títí ọmọ ọmọ yín.

Ìlẹ̀kẹ̀ pupa mìíràn wà tí ojú kì í tètè yà sọ́tọ̀ kúrò lára iyùn, òkúta ni. Ní Ìlọrin, wọ́n ń pè é ní làǹtànà. Àwọn tó sá kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé nígbà tí ìlú náà tú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n gbé iṣẹ́ yẹn dé Ìlọrin. Òkúta náà ń wá láti òkè Hausa, wọ́n ń fi irin kékeré ṣá a, wọ́n ń lu ihò sí i, wọ́n ń ha á lórí òkúta ńlá títí yóò fi dán. Iṣẹ́ ọjọ́ pípẹ́ ni, ọkùnrin ló ń ṣe é. Nígbà tí irú rẹ̀ tí wọ́n fi ẹ̀rọ gé bẹ̀rẹ̀ sí í ti Yúróòpù wọlé ní owó pọ́ọ́kú, àwọn aṣílẹ̀kẹ̀ Ìlọrin fi irin sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, bí ẹ bá ní èyí tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́, ẹ ní ohun tí kò ní padà wá mọ́. Ẹ yọjú wo inú ihò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni ọwọ́ ti ń lu ihò wọlé, ọ̀nà méjèèjì á sì pàdé láàárín láì ṣe déédéé, bí ìgbà tí àwọn méjì ń gbẹ́ kànga kan láti apá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀rọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ihò ti ẹ̀rọ á lọ tààrà ni.

Sẹ̀gi wá ni èmi fẹ́ràn jù, mo máa pẹ́ lórí rẹ̀ díẹ̀.

Ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì ni, àwọ̀ aró. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn òyìnbó onímọ̀ ti ń sọ pé láti òde ni gbogbo gíláàsì ilẹ̀ wa ti wá, pé ńṣe ni àwọn baba wa kàn ń yọ́ èyí tí wọ́n rà, wọ́n á sì fi ṣe òmíràn. Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀ ló já wọn nírọ́. Ọ̀mọ̀wé Abídèmí Babalọlá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wa ilẹ̀ ibẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tí wọ́n rí lé ní 12,000, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi yọ́ ọ àti pàǹtírí iṣẹ́ náà. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2017 fi hàn pé ohun èlò tí wọ́n fi ṣe gíláàsì Ifẹ̀ kò jọ ti ibikíbi mìíràn láyé, àti pé láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí 1500 ni àwọn baba wa ti ń fi ohun tó wà ní àrọ́wọ́tó wọn ṣe é, tí oníṣòwò sì ń rù ú lọ jìnnà réré sí ìhà àríwá.

Ẹ mú sẹ̀gi kan láàárín ìka méjì. Ẹ gbé e lé aṣọ funfun, àwọ̀ aró ni ẹ ó rí. Ẹ wá gbé e sókè kí oòrùn àárọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Nínú àwọn àtijọ́ a máa ń rí èyí tí yóò yí padà lójú yín, tí aró náà yóò di àwọ̀ ewé, bí omi odò tí ewéko wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí èyí, mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Láti kékeré ni mo ti ń rí ìlẹ̀kẹ̀ yẹn lọ́rùn ìyá àgbà, n kò mọ̀ pé ó ní àwọ̀ kejì. Kì í ṣe gbogbo sẹ̀gi ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ o, èyí tí kò bá yí kì í ṣe ayédèrú. Ṣùgbọ́n èyí tó bá yí, ẹ má fi sẹ́nu ọmọdé, ẹ má sì yá ẹnikẹ́ni.

Àwọn tó kù kò gba àlàyé púpọ̀. Pẹlẹbẹ dúdú tí wọ́n tò sínú okùn bí owó ẹyọ, tó ń dún ṣàkàṣàkà, lágídígba ni, èèpo èkùrọ́ ni wọ́n fi ṣe é, ìdí ni wọ́n sì ń lò ó sí. Ẹ̀gbà gíláàsì tó nípọn lè jẹ́ ti àwọn Màsàgá Bídá, tí wọ́n ń yọ́ ìgò. Ìlẹ̀kẹ̀ aláràbarà tó ní ilà pupa, funfun àti aró bí ìràwọ̀ lẹ́nu ihò, ti àwọn ará Venice ni. Ìdẹ ni ẹ ó mọ̀ nípa òórùn ọwọ́ yín lẹ́yìn tí ẹ bá dì í mú. Òjé wúwo, ó dúdú bí ojú ọ̀run tó ṣú, ọwọ́ àwọn olórìṣà funfun ló sì máa ń wà. Ó lè pa ọmọ lára bí ó bá ń lá a, ẹ gbé e sókè. Kọ́bọ̀ oníhò ayé òyìnbó tí wọ́n sín pọ̀ kò ní owó nínú, àmọ́ ó dùn ún wò lọ́rùn ọmọge. Ṣílè tí wọ́n jó ìkọ́ mọ́ ńkọ́? Ẹ wo ọdún ara rẹ̀: ti 1913 sí 1919 fàdákà ni, èyí tó dé lẹ́yìn 1920 kò ní fàdákà nínú mọ́.

Góòlù, ẹ wá òǹtẹ̀ lẹ́bàá ìkọ́ rẹ̀. 916 ni káráàtì 22, 750 ni 18, 375 ni 9. Bí kò bá sí òǹtẹ̀, ẹ wo ibi tó ń fara gbo ara: bí pupa bàbà bá ti ń yọ jáde níbẹ̀, wọ́n kùn ún ní góòlù ni. Èyí náà kò burú o. Ìyá tó rà á ní owó díẹ̀ tó sì lò ó fún ogún ọdún ti jẹ èrè rẹ̀.

OKÙN

Nígbà ìsọmọlórúkọ àbúrò mi kan, mo kó ìlẹ̀kẹ̀ iyùn ìyá àgbà sọ́rùn láì yẹ okùn rẹ̀ wò. Mo ti jó dé iwájú onílù, mo nawọ́ sókè, ni mo gbọ́ ọ tí ó dún tàù. Sìmẹ́ńtì ni ilẹ̀ ibẹ̀. Iyùn fò kiri bí yangan tí wọ́n dà sínú agbada gbígbóná. Onílù dáwọ́ dúró, àwọn ìyá ká ìró sókè, gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a ń wá a lábẹ́ àga, lábẹ́ kúlà, nínú bàtà àlejò. Nígbà tí a kó o jọ tán, ẹ̀gbọ́n ìyá mi béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Àbẹ̀kẹ́, mélòó ni wọ́n tẹ́lẹ̀?" N kò mọ̀. Mọ́kàndínlógójì ni a rí. Títí di òní yìí n kò mọ̀ bóyá wọ́n pé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ kọ́kọ́ kà á.

Ẹ tún un sín kí ẹ tó lò ó, ì báà jẹ́ pé okùn náà ń dán. Òwú tí wọ́n fi ń sín in láyé ọjọ́un dára fún ìgbà náà, àmọ́ ọyẹ́ Òkè-Ògùn wa yìí ló ń pa á. Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, afẹ́fẹ́ gbígbẹ yìí ń fa omi inú ohun gbogbo, òwú á gan, á já. Okùn ọ̀rá tí àwọn apẹja fi ń so ìwọ̀ kì í tètè já, ṣùgbọ́n ó ní àbùkù kan: ó máa ń le gbagidi, ìlẹ̀kẹ̀ kò sì ní fara balẹ̀ sórí àyà. Fún iyùn àti sẹ̀gi, òwú náílọ́ọ̀nù tí wọ́n lọ́ pọ̀, irú èyí tí aránbàtà ń lò ṣùgbọ́n tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù ú lọ, ni mo fara mọ́. Ẹ ta kókó kékeré kan sáàárín ìlẹ̀kẹ̀ kan àti èkejì. Ó ń gba àkókò, okùn á sì gùn sí i, àmọ́ bó bá já lóde, ọ̀kan ṣoṣo ni yóò bọ́. Àwọn òkúta pàápàá kò ní máa fara họ ara wọn mọ́.

Bí ẹ kò bá lè sín in fúnra yín, ẹ jókòó ti ẹni tó ń sín in. Mo fi tèmi sílẹ̀ fún ẹnì kan rí ní ìlú ńlá kan, mo sì padà lọ́jọ́ kẹta. Iye rẹ̀ pé, ó dán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e lọ́wọ́, ó fúyẹ́. Mẹ́rin nínú rẹ̀ ti di rọ́bà. Ẹnu mi kò gba ẹjọ́ rò, nítorí n kò ní fọ́tò. Láti ìgbà náà, lórí ẹní mi ni wọ́n ti ń sín ìlẹ̀kẹ̀ mi, èmi ni mo sì ń mú okùn dání.

ỌJỌ́ Ọ̀ṢỌ́

Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ ọ̀ṣọ́ gùn. Ohun tó ti sọnù lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa nìyí. À ń wọṣọ bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ já sílẹ̀, a dé òde tán, ara wa kò tíì mọ̀ pé òde la wà.

Ìyá àgbà mi kì í kánjú. Àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tó ti wẹ̀. Ó fi òrí para, òrí tí àwọn ará ilé wa pò fúnra wọn, torí igi ẹmì pọ̀ nínú pápá wa. Ó dúró títí ara fi mu ún. Ó fi tìróò sójú, ó wo inú dígí kékeré tó ti fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀. Ó ró ìró, ó wé gèlè. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ló tó tú kókó mẹ́ta yẹn. Ó kó ìlẹ̀kẹ̀ náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó rọra mì í, ó gbọ́ bó ṣe ń dún, ó ní, "Ìyá mi náà nìyẹn." Ó kó o sọ́rùn. Ìyá tó ń fọwọ́ mú ògiri kó tó dìde lánàá, ó dìde, ó nà tọ̀ọ̀. Ayọ̀ tó wà lójú rẹ̀ lọ́jọ́ náà kò kéré sí ti ìyàwó.

Ọ̀nà tó gbà tò ó yẹn, ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Òróró, lọ́fínńdà àti pàúdà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbẹ lára kí ìlẹ̀kẹ̀ tó dé ọrùn, torí ọtí inú lọ́fínńdà ń ba iyùn jẹ́. Ìlẹ̀kẹ̀ ni a ń kó kẹ́yìn, òun náà ni a ń bọ́ ṣáájú bí a bá dé.

Ní ti aṣọ tó bá a mu, ibi tí a wà yìí ni ibi tó dára jù láyé láti kọ́ ọ, torí pé Ìsẹ́yìn kò jìnnà sí wa. Mẹ́ta ni àgbà aṣọ òkè. Ẹtù dúdú pẹ̀lú ilà aró fẹ́ẹ́rẹ́: iyùn ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, pupa á yọ lórí rẹ̀ bí ẹyin iná. Sẹ̀gi á rì sínú ẹtù, kò sẹ́ni tí yóò rí i. Sányán, àwọ̀ ara rẹ̀ bíi ti yanrìn odò, ń gba ohun gbogbo mọ́ra, àmọ́ sẹ̀gi ló bá a mu jù lójú tèmi, àwọn méjèèjì kì í pariwo. Àlàárì ló ṣòro. Pupa ni òun náà, bí ẹ bá kó iyùn lé e, pupa á máa bá pupa jà. Ẹ fi ìdẹ tàbí góòlù sí i, kí ẹ sì fi iyùn kan ṣoṣo sí ọwọ́.

Ẹ wo ọrùn yín náà. Ọrùn gígùn ń gba èyí tó lẹ̀ mọ́ ọn, fọ́nrán méjì tàbí mẹ́ta. Ẹni tí ọrùn rẹ̀ kúrú, kó lo ẹ̀jìgbà tó gùn dé àyà, yóò fa ojú wálẹ̀, ara rẹ̀ yóò sì ga. Bí gèlè bá tóbi, kí yẹtí kéré. Bí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn bá pọ̀, kí ọwọ́ kan ṣófo. Ọwọ́ tó ṣófo ni àwọn èèyàn yóò fi rí èyí tó kún. Ẹ má kó gbogbo ohun tó wà nínú àpótí jáde lọ́jọ́ kan náà nítorí pé ẹ ń bẹ̀rù kí wọ́n má baà rò pé ẹ kò ní. Mo ti rí ìyàwó tí ìlẹ̀kẹ̀ bo ọrùn rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí kò lè yíjú wo ẹni tó ń sunkún nítorí rẹ̀.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má ṣí ojú ìwé yìí kọjá. Ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ kan lábẹ́ apá agbádá, tí ń yọjú nígbà tí ẹ bá ń ṣẹ́ apá, ó tó. Èyí tí ẹ bá fi sọ́rùn, ẹ fi wé fìlà yín, kí wọ́n bára wọn mu, bí pupa bá wà nínú fìlà kí pupa wà lọ́rùn.

Kò sì di ìgbà tí wọ́n bá ń ṣègbéyàwó. Sẹ̀gi mẹ́ta lórí okùn dúdú kan, pẹ̀lú bùbá àǹkárá, a máa lọ síbi iṣẹ́ ní Ìbàdàn, a máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, bẹ́ẹ̀ ni kò ní dí ẹnikẹ́ni lójú. Ọmọ àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń fi ìdẹ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo sọ́wọ́ lórí kóòtù òtútù. Ó ní bí ọwọ́ òun bá kan irin bọ́ọ̀sì, ìdẹ á dún, òun á sì gbọ́ ilé. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ní tirẹ̀, ti ẹni tó sín in ni, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ béèrè. Àwọn àgbà sọ pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Mo fi ọ̀rọ̀ yẹn bẹ ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ra ìlẹ̀kẹ̀ tuntun fún ọmọ nígbà tí ti ìyá yín wà nílé.

ÈYÍ TÍ A KÌ Í ṢÀDÉDÉ KÓ SỌ́RÙN

Bí ẹ bá rí pupa àti funfun tí wọ́n tò ní ìtẹ̀léra, kele Ṣàngó ni. Àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ilẹ̀ pupa rúsúrúsú tí wọ́n tò bákan náà, ìdè Ifá ni. Funfun látòkè délẹ̀ pẹ̀lú òjé, ti Ọbàtálá ni. Wọ́n lẹ́wà, ojú á wọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó fi wọ́n sọ́rùn ń sọ ohun kan nípa ara rẹ̀ fún ẹni tó bá lè kà á. Bí ẹ̀sìn yín kò bá gbà á, ẹ má dà á sí ààtàn, ẹ má jó o níná. Ẹ wá ẹni tó ń ṣe é nínú ẹbí, ẹ fún un. Bí kò bá sí, ẹ dì í lọ́tọ̀.

Ti oyè náà wà. Bí baba yín bá joyè, ìlẹ̀kẹ̀ oyè rẹ̀ lè má jẹ́ ti ẹbí, ó lè jẹ́ ti ìdílé tí oyè ń kàn. Kí ẹ tó fi í lọ síwájú Ṣabìgànná, ọba wa, tàbí ọba mìíràn, ẹ bi àgbà ilé. Ìbéèrè kan yóò gbà yín lọ́wọ́ ìtìjú ńlá.

FÍFỌ̀ ÀTI FÍFI PAMỌ́

Iyùn: aṣọ rírọ̀, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ díẹ̀ tí kò le, ẹ nù ún, ẹ má rẹ ẹ́. Kò gbọ́dọ̀ rí ọsàn wẹ́wẹ́, fínígà, tàbí oògùn tí ń sọ aṣọ di funfun. Òkúta àti gíláàsì kò gba ìṣọ́ra tó bẹ́ẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó lè yọ erùpẹ̀ pupa tó há sí ihò wọn. Fún ìdẹ, ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú ni àwọn ìyá wa ń lò, ó sì ń dán lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìdẹ tí wọ́n fín, ẹ má fọ̀ ọ́ lẹ́yìn ọdún kọ̀ọ̀kan, torí bí ẹ bá ṣe ń fọ̀ ọ́ ni ẹ ń fọ ọnà ara rẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí dúdú díẹ̀ wà nínú ilà rẹ̀, òun ni yóò jẹ́ kí ọnà náà hàn.

Ẹ má kó iyùn àti òkúta sínú àpò kan náà. Òkúta le ju iyùn lọ fíìfíì, yóò ha á. Àpò òwú kékeré fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ọ̀rá, torí ọ̀rá ń mú ooru àti omi dúró nígbà òjò. Káńfọ̀ ti aṣọ òkè ni, kó jìnnà sí ìlẹ̀kẹ̀ rọ́bà, ó lè yọ́ mọ́ ọn.

RÍRÀ ÀTI TÍTÀ

Àwọn kan ń wọ abúlé dé abúlé pẹ̀lú òṣùwọ̀n, wọ́n ń ra ìlẹ̀kẹ̀ àtijọ́ bí ẹni ra ìdẹ àfọ́kù. Ẹ má tà á fún wọn. Iye tí wọ́n ń pè kò tó iye ìrìnnà tó gbé ìlẹ̀kẹ̀ yẹn dé Ìgànná. Bí ìṣòro bá dé tí ẹ gbọ́dọ̀ tà á, ẹ kọ́kọ́ nà á sí ẹbí.

Òfin náà wà. Láti ọdún 1979 ni òfin ìjọba àpapọ̀ lórí mùsíọ́mù àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti ka iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wa tí wọ́n ṣe kí ọdún 1918 tó dé mọ́ ohun àtijọ́, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ kó o jáde kúrò ní Nàìjíríà láì gba ìwé àṣẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń kó o lọ sí òkè òkun, ẹ lọ béèrè ní mùsíọ́mù kí ẹ tó lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Àgbẹ̀ tó bá sì hú ìlẹ̀kẹ̀ nínú oko, pàápàá lápá ibi tí ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà, kó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, kó sì sọ fún ìjọba. Ibi tí ìlẹ̀kẹ̀ sùn sí nínú ilẹ̀ ni ó ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀ fún àwọn onímọ̀. Tí a bá ti wú u tán, kò lè sọ ọ́ mọ́.

Ó ku ohun kan tí ẹ ó ṣe lónìí kí ẹ tó gbé àpótí padà. Ẹ mú bébà kékeré kan, ẹ kọ orúkọ ẹni tó ni ìlẹ̀kẹ̀ náà sí i, iye tí wọ́n jẹ́, ibi tí ẹ bá mọ̀ pé ó ti rà á, òde tí ẹ rántí pé ó lò ó lọ, àti orúkọ ọmọ tí ẹ fẹ́ kó kàn. Ẹ fi sínú àpò pẹ̀lú rẹ̀. Kí ẹ wá fi aṣọ funfun yẹn dì í, kí ẹ sì ta kókó kan ṣoṣo sí i, torí ọjọ́ Sátidé ń bọ̀, ẹ ó tún tú u.